Púlọ́ọ̀gì Ọkọ̀ Tọ́bò àti Bébà Mẹ́ta

Iṣẹ́ kéwú ni iṣẹ́ wa. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ ni a gbé wá sójú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ó kàwé lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀fà ni ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́ báyìí: télọ̀ wà nínú wọn, bíríkìlà wà, rẹ́wáyà wà, mẹkáníìkì kò sì kéré. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá yà kí wa, a máa ń bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, a ó sì jẹ́ kí ó sọ ọ́ yé wa, nítorí ẹni tí ó kọ́ni lánàá kò kọjá ẹni tí wọ́n ń kọ́ lónìí. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni a fi gbọ́ ohun tí a fẹ́ sọ yìí, ojú wa sì tún rí i.

Ẹni tí ó bá ti di púlọ́ọ̀gì mú rí mọ̀ pé irin tín-ín-rín kan wà ní àárín orí rẹ̀, irin kejì sì wà tí ó tẹ̀ bí ìka, tí ó na orí bo ti àárín náà. Àwọn méjèèjì kò kan ara wọn. Àlàfo tí ó wà láàárín wọn ni iná ń fò kọjá, iná yìí ni ó sì ń ràn mọ́ epo àti afẹ́fẹ́ tí ó ti kún inú sílíńdà. Àlàfo náà kò tó nǹkan lójú. Bí ẹ bá mú káàdì tí a fi ń gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ báńkì, tí ẹ wo bí ó ti nípọn tó, 0.76 mílímítà ni. Àlàfo púlọ́ọ̀gì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tọ́bò tí ń lo pẹtiróòlù kò jìnnà sí iye yẹn, 0.7 tàbí 0.8 ni a sábà máa ń rí. Ọ̀pọ̀ Toyota Corolla tí kò ní tọ́bò, irú èyí tí ó kún títì wa, 1.1 mílímítà ni tirẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín 0.8 àti 1.1, bébà ìkọ̀wé mẹ́ta tí a tò lé ara wọn ni. Lórí bébà mẹ́ta yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ọ̀pọ̀ wa, ara tírélà ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ tọ́bò, nítorí súfèé tí ó máa ń fọn nígbà tí ó bá ń gun òkè. Ṣùgbọ́n dísẹ́ẹ̀lì ni tírélà ń lò, ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kò sì ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Ooru afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ni ó ń tan epo rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ lára tírélà lè mọ tọ́bò dáadáa kí ó má sì mọ ohun tí tọ́bò ń ṣe fún púlọ́ọ̀gì. Ará Switzerland kan tí ń jẹ́ Alfred Büchi ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní ọdún 1905. Ní ọdún 1962 ni Oldsmobile àti Chevrolet ní Amẹ́ríkà gbé e sínú ọkọ̀ pẹtiróòlù tí wọ́n ń tà fún ará ìlú. Èéfín tí ń jáde láti inú ẹ́ńjìnì ni ó ń yí àgbá kékeré kan. Àgbá kejì wà ní ìdí kejì ọ̀pá náà, òun ni ó ń fa afẹ́fẹ́ tútù tí ó sì ń kì í wọ inú ẹ́ńjìnì. Wọ́n lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Èéfín tí à bá dànù ni a tún rán níṣẹ́, afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i, epo pọ̀ sí i, ẹ́ńjìnì kékeré wá ń ṣe bí ńlá.

Wàhálà rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tí a bá kì pọ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá bọ̀rọ̀. Ẹ wo ọjà Owódé. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ọmọdé lè sáré láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì láìfarakan ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọjà bá kún, bí ọ̀nà náà kò tilẹ̀ gùn jù ti àárọ̀ lọ, àgbàlagbà yóò làágùn kí ó tó là á já. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Friedrich Paschen, ti ṣe ìwádìí èyí láti ọdún 1889: bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fún pọ̀ sí i, tí àlàfo sì ń gbòòrò sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára iná tí yóò fò kọjá gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i. Iná bátìrì ọkọ̀ kò ju fólítì 12 lọ. Kọ́ìlì ni ó ń sọ ọ́ di 20,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kọ́ìlì náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí tọ́bò bá kì afẹ́fẹ́ dé ibi tí ó le, tí àlàfo tún fẹ̀, iná yóò dé etí irin àárín, kò sì ní rí ọ̀nà fò. Epo tí ó wà nínú sílíńdà yẹn kò ní jó. Ọkọ̀ yóò já, bí ẹni tí ń gun àtẹ̀gùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lórí ọ̀kan.

Àwọn tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ wa yóò rántí pé àlàfo púlọ́ọ̀gì kì í fẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Èkó, ọdún yẹn náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ọkọ̀ ìjàpá àti Peugeot 504 ni gbogbo ìlú ń gùn nígbà náà, kò sì sí èyí tí àlàfo púlọ́ọ̀gì rẹ̀ tó 1 mílímítà nínú wọn, nítorí kọ́ìlì àti kọ́ńtáàtì ayé ìgbà náà kò lágbára púpọ̀. Nígbà tí ìmọ̀ kọ̀ǹpútà wọ inú ọkọ̀, tí kọ́ìlì sì lágbára, àwọn olùṣe ọkọ̀ ṣí àlàfo náà kí iná lè gùn kí epo sì jó tán. Ìgbà tí tọ́bò wá dé, wọ́n tún pa á dé. Mẹkáníìkì tí ó bá gbà pé ọkọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ ní àlàfo tí ó fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ọ̀nà ni ó ti sìn ín dé ìdajì, ibẹ̀ ni kò dé ilé.

Ní ọdún 2021, àbúrò wa tí ń gbé ní Ìbàdàn fi ọkọ̀ Passat tòkúnbọ̀ kan ránṣẹ́ sí wa, ẹ́ńjìnì lítà 1.8 tí ó ní tọ́bò. Nítorí ìyá wa ni. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú ń dùn wọ́n, oṣooṣù sì ni a ń gbé wọn lọ rí dókítà ní Ìlọrin. Ọkọ̀ náà dára. Ó ṣe wá lóore fún bí ọdún kan, kí mẹkáníìkì tí ń bá wa tọ́jú rẹ̀ tó sọ pé púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti gbó, tí ó ra mẹ́rin tuntun, tí ó fi wọ́n sí i.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwàkiwà. Nínú ìlú, kò sí ohun tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo, bí ọmọ wa ọkùnrin tí ń wà á bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀, tí ó tẹ iná mọ́lẹ̀, ọkọ̀ náà yóò já, yóò tún já, agbára rẹ̀ yóò sì lọ, nígbà tí a ti wà ní ọwọ́ òdì kejì, tí ọkọ̀ mìíràn sì ń bọ̀ níwájú. Ìgbà méjì ni èyí ṣẹlẹ̀. Ìyá wa kò sọ nǹkan kan lẹ́yìn ọkọ̀. Tẹ̀súbáà wọn kàn dákẹ́ ni, àwa tí a jókòó síwájú sì gbọ́ pé ó dákẹ́.

Mẹkáníìkì pààrọ̀ ẹ̀rọ tí ń fa epo. Kò sí ìyàtọ̀. Ó pààrọ̀ sẹ́ẹ̀tì ohun tí ń sẹ́ epo. Ó ní kí á má ra epo níbi tí a ti ń rà á mọ́. Nígbà tí ó yá, ó ní tọ́bò ti kú, owó tọ́bò mìíràn tí ó sì pè fún wa ju gbogbo owó tí a ti fi pamọ́ fún ìwọlé ọmọ wa obìnrin sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Federal Polytechnic tí ó wà ní ìlú wa yìí láti ọdún 1992. Àbúrò wa ní kí á ta ọkọ̀ náà bí ó ti wà. Ẹni tí ó wá wò ó fẹ́ rà á ní owó irin tí a fẹ́ lọ yọ́. Ilé wa kò dùn ní ọ̀sẹ̀ náà. Ọmọ ń wo ojú wa, ìyá wa sì ń sọ pé kí a má ṣe ìyọnu, pé ojú àgbà kì í tún padà di ti ọmọdé, kí a jẹ́ kí àwọn dúró sílé.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọjọ́ kan ni ọmọ kan tí ó ti kàwé lọ́dọ̀ wa rí, tí ó wà ní ọdún kẹta ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì níbòmíràn, yà kí wa. A sọ ọ̀rọ̀ náà fún un bí ẹni ń ṣe àlàyé àìsàn. Ó béèrè pé, “Àáfà, bí ó bá dúró sójú kan, ṣé ó máa ń gbọ̀n?” A ní rárá. “Bí ẹ bá ń rọra lọ ńkọ́?” A ní kò ṣe nǹkan kan. “Ìgbà tí ẹ bá tẹ iná mọ́lẹ̀ nìkan?” A ní ìgbà náà nìkan ni.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá sọ pé, “Àáfà, ẹ má bínú o. Bí tọ́bò bá kú, ọkọ̀ á kàn ya ọ̀lẹ ni, á máa wọ́ lọ, kò ní máa já. Ìgbà tí tọ́bò bá ń ti afẹ́fẹ́ wọlé gan-an ni tiyín ń já. Ìyẹn ni pé tọ́bò yín ń ṣiṣẹ́. Iná ni kò rí ọ̀nà kọjá.”

A ní kí ó ṣí i wò. Ó kọ̀. Ó ní ọ̀gá tí ń tọ́jú ọkọ̀ náà jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún ọ̀gá òun nínú ẹgbẹ́ wọn, kò sì yẹ kí òun yọ́ lọ tú iṣẹ́ àgbà wò lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí á jọ lọ bá a. Èyí dùn mọ́ wa nínú ju ìmọ̀ ọkọ̀ tí ó fi hàn lọ, nítorí a ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó mọ iṣẹ́ tí kò mọ ilé tí iṣẹ́ ń gbé.

Nígbà tí a débẹ̀, ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní púlọ́ọ̀gì tuntun kẹ̀? Púlọ́ọ̀gì tí òun fọwọ́ ara òun yọ nínú páálí? Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi géèjì wọ̀n ọ́n lójú yín, kí n lè rí i kọ́.” Kí ni àgbà yóò sọ sí èyí? Ó ní kí ó tú u.

Ibí ni a fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí farabalẹ̀ wò, nítorí bí ọmọ náà ṣe ṣe é ni ó yẹ kí á máa ṣe é. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù tán, nítorí orí ẹ́ńjìnì náà kì í ṣe irin líle, bí a bá tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ nígbà tí ó gbóná, ẹyẹ rẹ̀ lè bàjẹ́. Ìgbà ọyẹ́ ni, eruku Ọ̀fà kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ó fi ẹ̀rọ tí ń fẹ́ táyà fẹ́ ẹnu ihò púlọ́ọ̀gì mọ́ kí ó tó tú u, kí yanrìn má bàa já sínú sílíńdà. Ó tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe jáde, ìkínní dé ìkẹrin, kí ó lè mọ èyí tí sílíńdà rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó wá mú abẹ irin pẹlẹbẹ tí a kọ nọ́ńbà sí lára jáde, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní fílà géèjì, tí kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú fìlà orí. Abẹ 0.8 wọlé, ó ń yọ̀ gbọ̀lọ́-gbọ̀lọ́. Ti 1.0 wọlé. 1.1 ni ó wọlé tí ó sì di díẹ̀, bí ó ṣe yẹ kí abẹ máa ṣe nígbà tí ó bá bá ìwọ̀n rẹ̀ pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí.

Ó ní kí ọ̀gá fi páálí rẹ̀ han òun. NGK ni, ohun tí a kọ sí i sì ni BKR6E-11. Ẹyẹ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 14 ní fífẹ̀ àti 19 ní gígùn, ó bá ihò ọkọ̀ náà mu rẹ́gí. Ohun tí ó rú ọ̀gá lójú nìyí: ó wọlé, ó dì, ọkọ̀ jí. Ṣùgbọ́n 11 tí ó wà ní ìdí orúkọ yẹn kì í ṣe nọ́ńbà lásán, 1.1 mílímítà ni ó ń wí. Irú rẹ̀ tí kò ní 11 nídìí, 0.8 ni tirẹ̀. Ilé-iṣẹ́ púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ni ó ní bí ó ṣe ń kọ tirẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ti ọ̀kan ka ti èkejì. Géèjì kì í purọ́ fún ẹnì kankan, ìwé tí olùṣe ọkọ̀ kọ ni ó sì ń dájọ́.

Àwa tí a ń kọ́ni ní tajwīd, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro fún wa láti gbà. Madd tí a máa ń fà ní ìka méjì wà, èyí tí a gbọ́dọ̀ fà ní ìka mẹ́fà wà. Ohùn tí ó dùn kò sọ méjì di mẹ́fà. Ọmọ tí ó bá fà á bí ó ti wù ú, kódà bí àwọn èrò ń ké “Allāhu Akbar” fún un, olùkọ́ yóò ní kí ó padà sẹ́yìn.

Ọmọ náà kò ní kí a ra òmíràn. Púlọ́ọ̀gì tí irin àárín rẹ̀ nípọn, tí kì í ṣe irídíọ́mù, ṣeé tẹ̀ wálẹ̀. Ó fi orí irin tí ó tẹ̀ náà kan pákó, ó rọra gbá a, ó wọ̀n, ó tún gbá, ó tún wọ̀n, títí abẹ 0.8 fi wọlé tí ó ń fà díẹ̀. Irin òde nìkan ni ó fọwọ́ kàn. Irin àárín àti tángánran funfun tí ó yí i ká, kò fi géèjì ti wọ́n. Bí ó bá jẹ́ irídíọ́mù ni, irin àárín rẹ̀ tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá fi abẹ ti í yóò dá a. Ẹni tí ó bá ra irú yẹn, kí ó ra èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ ti bá ọkọ̀ rẹ̀ mu láti ilé-iṣẹ́ wá.

Ọ̀gá béèrè ìbéèrè tí ó dára: bí fífẹ̀ bá burú, kí ló dé tí a kò kúkú pa á dé 0.4, kí á sinmi? Ọmọ náà ní iná tí kò ní àyè kì í dàgbà. Yóò kéré jù láti ran epo, ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n lójú kan, epo yóò máa ṣòfò, púlọ́ọ̀gì yóò sì dúdú. Èyí tí ó fẹ̀ jù náà kì í pa ẹnì kan ṣoṣo. Kọ́ìlì tí ń tiraka kọjá agbára rẹ̀ yóò jó nígbà tí ó bá yá, epo tí kò jó yóò sì lọ máa jó nínú àpótí tí ń fọ èéfín mọ́ lábẹ́ ọkọ̀, yóò bà á jẹ́. Owó àpótí yẹn, kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí á rí i san.

Nígbà tí ó ń dá wọn padà, ọwọ́ lásán ni ó kọ́kọ́ fi yí wọn wọlé títí wọ́n fi kan ìsàlẹ̀, kí ó tó fi sípánà yí i díẹ̀ sí i. Ọmọṣẹ́ kan níbẹ̀ fẹ́ bá a fa èyí tí ó kẹ́yìn, ó sì fi gbogbo èjìká sí i. Ọ̀gá pariwo mọ́ ọn. Ọ̀fà ni ìlú ìjàkadì lóòótọ́, ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì kọ́ ni à ń bá jà á.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tọ́bò tí ń já ni púlọ́ọ̀gì ń dà láàmú o. Kọ́ìlì tí ó ti sán lè fa irú rẹ̀, rọ́bà afẹ́fẹ́ tí ó ya lè fà á, epo tí ó ní omi lè fà á. Ẹ̀rọ tí ọ̀gá náà fi yẹ ọkọ̀ wa wò ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ P0300, èyí tí ó ń sọ pé iná ń kùnà nínú sílíńdà láìdúró sí ọ̀kan. Kò dárúkọ tọ́bò. Ohun tí ó dùn wá ni pé ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀, a sì ti ná owó mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn. Púlọ́ọ̀gì ni ó rọrùn jù láti yẹ̀ wò, òun ni ó sì yẹ kí á kọ́kọ́ tú.

Ní ọjọ́ tí a tún gbé ìyá wa lọ sí Ìlọrin, tírélà méjì ni ó wà níwájú wa kí á tó dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Ọmọ wa wo ojú wa. A ní kí ó dúró títí ọ̀nà yóò fi mọ́ kedere níwájú. Nígbà tí ó mọ́, ó tẹ iná, súfèé tọ́bò dún, a sì kọjá àwọn méjèèjì láìjá lẹ́ẹ̀kan. Ìyá wa ń ka tẹ̀súbáà wọn lọ ní tiwọn. Ọmọ wa obìnrin san owó ìwọlé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e.

Irin púlọ́ọ̀gì a máa jẹ díẹ̀díẹ̀ bí iná ti ń ta lára rẹ̀, àlàfo náà yóò sì máa fẹ̀ láìsí ariwo, nítorí náà ọmọ náà sọ fún wa pé kí á máa tú wọn wò nígbà tí a bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Nígbà tí a tún gbé e lọ, ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ ni ó wọ̀n wọ́n. Ó ti ra fílà géèjì tirẹ̀, ó so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Mẹ́ta ti di 0.85, ìkẹrin ti di 0.9. Ó tẹ gbogbo wọn padà sí 0.8, ó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀.